Abẹ́ Tí A Kò Dá

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹsàn-án, 2024

Àṣàwa wá kí wa lónìí. Oyèṣọlá ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àṣàwa, inú ìwé yìí nìkan ni mo sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má fi "àṣà wa" há ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ṣèyí ni. Ṣèyí ni ọkọ Tinúkẹ́, Tinúkẹ́ sì ni ọmọ àbúrò mi tó ti dolóògbé, tí mo gbà tọ́ láti kékeré. Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Aládé-Ìdànrè, ó ń retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ikùn ti sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ wú bíi búrẹ́dì.

Àṣàwa kò jókòó títí mo fi nu àga fún un lẹ́ẹ̀mejì. Fìlà rẹ̀ tóbi ju ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní òun ń gbàdúrà kó jẹ́ ọkùnrin. Mo ní ohun tó ti wà nínú ikùn kì í yí padà nítorí àdúrà oṣù kẹsàn-án. Ó rẹ́rìn-ín bí olóyè. Ó ní, "Madam Tísà, bó bá sì jẹ́ obìnrin, a óò ṣe ohun tó yẹ fún un. Àṣà wa ò ní parun lójú wa."

Ohun tó yẹ! Ó ń tijú láti sọ pé abẹ́ ni wọ́n fẹ́ dá fún ọmọ tí kò tíì rí oòrùn. Ohun tí kò tì í lójú láti ṣe, ó ń tì í lójú láti dárúkọ.

Tinúkẹ́ kàn fọwọ́ bo ikùn.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Kòkó tí Hannah, ìyá Ṣèyí, sá sójú títì ṣàn wọ gọ́tà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹsàn-án

À ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án nígbà tí Tinúkẹ́ sọ̀rọ̀. Kò wo ojú mi, ẹ̀wà ló ń wò. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó òun ni — bí ọkọ òun bá ti sún mọ́ òun, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ń ya ojú ọgbẹ́. Òun á há eyín mọ́ra títí yóò fi parí. Bí kò bá sí ìrora, kò sí nǹkan kan rárá. Ara òun á kú bí apá tí èèyàn sùn lé.

Ṣèyí kọ́kọ́ rò pé ìtìjú ni. Lẹ́yìn náà ó ní ìyàwó òun ò fẹ́ràn òun. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ — àgbà ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n! Hannah jẹ́ Ìyá Ìjọ, kò sí ohun tí kò ní ààwẹ̀ fún. Ó ní ọkọ ọ̀run ló ń dà á láàmú. Wọ́n fi omi ìyàsímímọ́ wẹ Tinúkẹ́ ní òwúrọ̀ kùtù fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Òtútù mú un. Ọkọ ọ̀run ò lọ.

Ọkọ ọ̀run wo? Ọkọ ọ̀run kì í mú abẹ dání. Raheemah, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tó ti lóyún, ti wò ó, ó sì ti sọ fún wa: àpá abẹ́ tí wọ́n dá fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ti le bí awọ bàtà, ó sì ti fa ojú ara rẹ̀ papọ̀. Wọ́n gé ibi tí ìgbádùn wà, wọ́n fi ìrora dípò rẹ̀, wọ́n wá ń bi í pé kí ló dé tí kò tújú ká.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ó ní, "Màmá, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ gidi. Ní Ìdànrè yìí, èèyàn lè sọ nípa ìgbẹ́ gbuuru ní gbàgede ìjọ, wọ́n á gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ti ìyẹn — ẹnu á wọhò.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹsàn-án

Ó bí. Obìnrin. Àwọn méjèèjì wà láàyè. Mo kọ ìyẹn kí n tó kọ ìyókù nítorí pé láàárọ̀ yìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀.

Ohun tí mo fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì Ẹ̀kọ́ Ìlera nìyí: awọ ara máa ń fà, àpá kì í fà, yíya ló máa ń ya. Ó ya. Raheemah rán an títí òógùn fi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí mi ò rò pé ẹ̀jẹ̀ ń dé. Tinúkẹ́ di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ojú èékánná rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ṣèyí wà níta tó ń fi Wásáàpù kéde pé ìyàwó òun bí wẹ́rẹ́.

Wẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹsàn-án

Hannah dé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti ìbéèrè. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀: ṣé orí ọmọ ò kan ibẹ̀ nígbà tó ń jáde? Nítorí wọ́n gbà pé bí orí ọmọ bá kan ara ìyá tí wọn ò dábẹ́ fún, ọmọ á kú. Ó wá rántí pé wọ́n ti dá ti Tinúkẹ́. Ó gbójú sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ olóòlà tó ṣe é. Tinúkẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, tí kò lè jókòó, ń gbọ́ ọ.

Mo ní, "Ìyá Ṣèyí, àwọn obìnrin òyìnbó tí ẹnikẹ́ni ò dábẹ́ fún, ibo ni orí ọmọ tiwọn ń gbà?"

Ó ronú. Ó ní ti òyìnbó yàtọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹsàn-án

Ìpàdé ẹbí, ní pálọ̀ mi. Wọ́n jẹ búrẹ́dì mi, wọ́n mu tíì mi, wọ́n sì fi ẹnu tí wọ́n fi jẹ ẹ́ sọ fún mi pé èmi kì í ṣe ẹbí.

Àṣàwa dìde sọ̀rọ̀. A ò ju márùn-ún lọ nínú yàrá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí agbádá rẹ̀ máa gba afẹ́fẹ́. Ó ní àṣà wa ló sọ wá di ènìyàn. Ó ní ọmọbìnrin tí wọn ò dábẹ́ fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní gbélé, ọwọ́ ọkùnrin kan ni yóò ti máa bọ́ sí ti òmíràn. Mo ń wò ó. Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, tí òkìkí rẹ̀ kan dé Atosin nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n dábẹ́ fún òun náà. Kí ló dá dúró?

Mo ní òfin ti kà á léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà nídìí rẹ̀. Ó ní, "Ta ló fẹ́ lọ fẹjọ́ ẹbí rẹ̀ sùn? Ẹ̀yin, Madam?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Tinúkẹ́ wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé mo lè ṣe é. Ó sì mọ ilé tí òun yóò padà sí lẹ́yìn rẹ̀.

Hannah ló wá là á mọ́lẹ̀. Bí a ò bá ṣe é kó tó di ọjọ́ ìkómọ, Ṣèyí yóò gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ òun, wọn yóò ṣe é níbẹ̀, kí Tinúkẹ́ wá máa wá fún un lọ́mú.

Ṣèyí? Fóònù ló ń wò. Mo ní, "Ọkọ ìyàwó, kí lo wí?" Ó ní, "Ohun tí àwọn àgbà bá sọ ni, mà." Mo ti rí ewúrẹ́ tó ní ìpinnu jù ú lọ.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹsàn-án

Mo ti rí ọ̀nà. Ẹ̀tàn ni, kò sì tì mí lójú. Àwọn tí òótọ́ ò wọ̀ létí, ẹ jẹ́ ká ṣe eré fún wọn.

Hannah kò lè wo ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pa adìyẹ ọdún, ó dákú lé alásè lórí. Ó fẹ́ kí wọ́n gé ọmọ, kò ṣáà fẹ́ wà níbẹ̀. Karahun ìgbín ló béèrè. Bí olóòlà bá ti gé tán, ṣe ló máa ń fọ́ ìdí ìgbín, kí omi tútù inú rẹ̀ kán sójú ọgbẹ́. Hannah ní kí a fi karahun tó ti fọ́ yẹn ránṣẹ́, kí òun lè fi han Àṣàwa. Ẹ̀rí wọn nìyẹn! Ọmọ kíláàsì kìíní ń béèrè ẹ̀rí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá sọ fún un pé mo ti gbà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ abẹ tó ti dógùn-ún. Èmi fúnra mi ni yóò pe olóòlà wá láti Àkúrẹ́, obìnrin ọlọ́wọ́ mímọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá mi mọ́ra. Ó ní, "Tísà! Ìwé ti ń fi ọ́ sílẹ̀!"

Mo pe Abímbọ́lá. A jọ kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó fẹ̀yìn tì. Àkúrẹ́ ló ń gbé, kò sì sí ará ilé Ṣèyí tó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ṣé o lè ṣe olóòlà?" Ó ní, "Mo ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Èwo ló le?"

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹsàn-án

Abímbọ́lá dé. Gèlè dúdú, gíláàsì ojú, àpò awọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń kó irinṣẹ́ káfíńtà. Ẹni tó fi gbogbo ayé kọ́ni ní Ẹ̀kọ́ Bíbélì! Ó kí Hannah ní ìkíni olóòlà tó ṣẹ̀dá rẹ̀ lórí ìdúró: "Kí ọwọ́ yá, kí ọmọ má ké pẹ́!" Hannah sì dáhùn "Àṣẹ!" bíi pé òun ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ìgbín tí Hannah mú wá láti oko kòkó rẹ̀ tó ìkúùkù.

A tilẹ̀kùn. Tinúkẹ́ já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ. Igbe! Mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ lórí òkè. Hannah ń kọrin níta kí etí rẹ̀ má baà gbọ́. Abímbọ́lá fọ́ ìdí ìgbín, ó jẹ́ kí omi rẹ̀ kán sórí òwú, èmi fi osùn àti epo pa òwú náà títí ojú rẹ̀ fi burú tó. A dá ọmú padà, igbe dá. Kò tó ìgbà tí omi tíì fi ń hó.

Mo gbé karahun jáde nínú abọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni Hannah fi gbà á.

Abímbọ́lá ní bí òun bá mọ̀ pé iṣẹ́ yìí rọrùn tó báyìí, òun ì bá ti fi iṣẹ́ tísà sílẹ̀ tipẹ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú Tinúkẹ́, ó sì ń bẹ̀ wá pé ká yé, ojú rírán ń ro òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹsàn-án

A jẹ ìgbín náà. Ata rodo, àlùbọ́sà. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹran ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹsàn-án

Ìkómọ. Olúwapamílẹ́rìn. Orúkọ tó dáa. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín láti Ọjọ́bọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà, Àṣàwa gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ wòlíì. Wòlíì ò fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Àṣàwa le. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyàwó ìwòyí tí ẹ ní ẹ kàwé, ẹ gbọ́! Madam Tísà yìí, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ yín pé kò dáa, òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe olóòlà wá fún ọmọ ọmọ rẹ̀! Ó ti padà sínú àṣà wa! Ta ló tún kù tó ń ṣe agídí?" Ó sì gbé karahun sókè bí ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo jókòó síbẹ̀, mo mi orí bí àgbà. Òmùgọ̀ pọ̀ ju ọlọ́gbọ́n lọ nínú ilé yìí, mo sì ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo borí.

Blessing wà lẹ́yìn pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, ó ń ránṣọ ní Atosin báyìí, ó pọn ọmọ tuntun tiẹ̀. Mo juwọ́ sí i. Kò juwọ́ padà. Bóyá oòrùn ló wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹsàn-án

Ibi tí eré mi ti ń jò nìyí: ìwẹ̀. Hannah dé pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn tuntun àti òrí, ó fẹ́ wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ wo ni kì í wẹ ọmọ? Mo ní olóòlà sọ pé ọwọ́ ẹyọ kan ni kó máa wẹ̀ ẹ́ títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jiná. Ó ní, "Títí dìgbà wo?" Mo ní, "Ọgbẹ́ kì í sọ tẹ́lẹ̀." Ó ní mò ń gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àkéte, ó sunkún bí ọmọdé, kàn-ìn-kàn-ìn wà lórí itan rẹ̀.

Mo ní lọ́kàn mi pé kó máa sun ún lọ.

Raheemah wá wo ojú rírán. Ó ń jiná. Ó ní ní ilé ìwòsàn ńlá, àwọn dókítà kan lè tú àpá náà sílẹ̀ tó bá yá, kí ìbálòpọ̀ má baà máa jẹ́ ìyà fún un mọ́. Tinúkẹ́ bi í pé ṣé ohun tí wọ́n gé á padà wá. Raheemah ò fi àdúrà bò ó. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n nǹkan lè sàn ju báyìí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹsàn-án

Blessing wá. Mo rò pé ìkíni ni.

Ó ní òun wá dúpẹ́. Àtìgbà tí òun ti bímọ ni ìyá ọkọ òun ti ń yọ òun lẹ́nu pé kí wọ́n dábẹ́ fún ọmọ náà, wọn ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò jẹ oúnjẹ òun mọ́. Òun ṣáà ń dá wọn lóhùn pé, "Tísà mi ní kò dáa." Ó ní, "Ohun tí mo fi ń dúró nìyẹn, mà. Orúkọ yín. Èmi ò mọ ìwé kankan mọ́, ṣùgbọ́n mo rántí kíláàsì yẹn."

Ó wá ní, "Ó ti rẹ ẹ̀yin náà, àbí? Mi ò dá yín lẹ́bi o. Bí ó bá lè rẹ ẹ̀yin, ta ni mo jẹ́? Mo ti gbà fún wọn. Sátidé yìí ni. Ìyá Ṣèyí ló máa mú olóòlà wá. Kì í ṣe ti Àkúrẹ́ yín o, wọ́n wá obìnrin yẹn títí, wọn ò rí i."

Hannah wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, ó ń ká ìlédìí kúrò lórí okùn, etí rẹ̀ lanu. Mo ní, "Blessing, má ṣe é." Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ṣe é, mà."

Ó lọ. Èmi alágbára eré, mo jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹsàn-án

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Atosin kí oòrùn tó mú. Mo pàdé Blessing nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo sọ ohun gbogbo fún un: Abímbọ́lá, osùn, ọmú tí a já gbà. Ó gbọ́ ọ tán. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe, mà? Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa mọ́ yín. Gbogbo ayé ló rí karahun. Ta ló rí ohun tí ẹ ń sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ yìí?"

Mo ní kó sá lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun ti kú. Mo ní kó wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Títí dìgbà wo?" Ìbéèrè kan náà ni Hannah bi mí ní Ìṣẹ́gun.

Mo padà sílé, mo sọ fún Tinúkẹ́. Bí a bá sọ òótọ́ ní gbangba, Blessing ní ohun tí yóò dì mú. Bí a bá sì sọ ọ́, Ṣèyí lè gbé Pamílẹ́rìn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò lè yàn fún un. Ọmọ rẹ̀ ni.

Ó ní, "Màmá, bí wọ́n bá gbé e lọ ńkọ́?"

Ó wọ yàrá lọ. Kò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹsàn-án

Nígbà tí mo jí, Tinúkẹ́ ti wọṣọ, ó ti pọn ọmọ. Ó ní, "Ọ̀kadà kan á gbé wa, àbí méjì?" A gba takisí nítorí ojú rírán rẹ̀.

Ilé ìyá ọkọ Blessing kún. Àwọn ìyá àgbà lórí àga oníke, olóòlà lórí àpótí pẹ̀lú àpò rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ọkùnrin arúgbó kan tó ń húkọ́. Hannah jókòó sí ipò iwájú, ó ti di aṣojú wa. Àṣàwa náà wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe ohun tó yẹ ni ó máa ń wà.

Tinúkẹ́ kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó ní, "Wọn ò dábẹ́ fún Pamílẹ́rìn. Irọ́ la pa. Karahun yẹn, a kàn fọ́ ìgbín ni. A sì jẹ ẹ́."

Àṣàwa ní, "Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé?" Mo ní orí rẹ̀ pé, pé èmi ni mo pilẹ̀ irọ́ náà, pé olóòlà Àkúrẹ́ kò mú ju kóòmù irun lọ nínú àpò. Ó yíjú sí mi, ó ya ẹnu, "àṣà wa" kò jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Tinúkẹ́ kò tíì parí. Ó ní òun fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ó sọ ọ́ níwájú àwọn tó lè bí i lẹ́ẹ̀mejì. Pé láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ọkọ, òun ò tíì mọ ibùsùn sí nǹkan mìíràn ju ìyà lọ. Pé òun máa ń há eyín. Pé nígbà tí òun ń bímọ, àpá yẹn ya, òun rò pé òun ń kú. Pé wọ́n ní ọkọ ọ̀run ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ayé ni, abẹ ni. Ó ní, "Ọmọ mi ò ní há eyín. Kò ní jẹ́ pé kò ní gbádùn ọkọ rẹ̀ títí ayé."

Ìyá àgbà kan fi ìborùn bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Òmíràn tẹ̀ lé e. Hannah dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó nàka sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ sọ pé:

"Gbádùn? Ta ló sọ fún ẹ pé obìnrin máa ń gbádùn ẹ̀? Ta ni? Nínú gbogbo wa tó jókòó síbí yìí, ta ni?"

Ẹ̀rín wá dá. Mo rò pé ẹnì kan á fèsì, kódà kó fi yẹ̀yẹ́ fèsì. Kò sí. Wọ́n ń wo ilẹ̀, ẹnì kan ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan ń tún ìró ró. Hannah wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, bíi pé òun gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí òun bi wọ́n.

Blessing dìde láìwo ẹnikẹ́ni, ó gbé ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já dì í le. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò dá a dúró.

Olóòlà húkọ́. Ó ní, "Ṣé kí n máa lọ?" Ó gbé àpò rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹsàn-án

Ṣèyí pè: a ti dójú ti ẹbí òun, òun ń bọ̀ wá gbé ọmọ. Tinúkẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ odó. Kò tíì dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ òmìnira. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń yan kọjá lójú títì. Àṣàwa ti fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí Wásáàpù, ó gùn bí ìwàásù, Raheemah ní kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ débi ìparí.

Hannah fi ẹsẹ̀ rìn wá, òun nìkan. Mo ti gbá ọmọ odó mú kí n tó rí i pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ọmọ odó, ó wò mí. Ó ní, "Gbé e sílẹ̀, Tísà. Mo ti sọ fún Ṣèyí kó fi ọmọ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a." Ó ní Ṣèyí bi òun pé kí ni kí òun sọ fún Àṣàwa. Òun ní kó sọ pé ìyá òun ló sọ bẹ́ẹ̀, kí Àṣàwa wá bá òun jà. Ó ní ti Blessing náà, ìyá ọkọ rẹ̀ ti jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ lánàá.

Kò wọlé lọ wo ọmọ. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún un. Mo ti ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí mo fẹ́ fi gún un, èyí tó mú dáadáa, mo ti ń pọ́n ọn láti Àbámẹ́ta.

Ó ní, "Ìyá olóòlà tó ń gbé lẹ́yìn ọjà nígbà tí a wà lọ́mọdé, ṣé o rántí rẹ̀?"

Mo ní mo rántí.

Ó ní, "Òun ló ṣe èmi. Òun ló ṣe ìwọ náà. Ọjọ́ orí wa ò jìn síra." Ó bu àkàrà, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Ọmọ mẹ́fà ni mo bí fún ọkùnrin yẹn. Mo rò pé bó ṣe rí nìyẹn. Pé iṣẹ́ ni, bí oko. Èèyàn kì í béèrè pé ṣé oko ń dùn mọ́ òun nínú."

Ọ̀rọ̀ tí mo pọ́n ti kú.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bíi pé Tinúkẹ́ ló ń sá fún nínú yàrá. "Ìwọ lo kàwé. Ohun tí mo bi wọ́n ní Atosin, ìbéèrè gidi ni. Ṣé òótọ́ ni pé àwọn obìnrin kan ń gbádùn ẹ̀?"

Mo ní òótọ́ ni.

Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọkọ mi jẹ́ ènìyàn rere. Ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Mo wo Hannah, ó ń dúró de èsì, kò fi ojú ẹ̀gàn dúró dè é.

Mo ní, "Inú ìwé ni mo ti kà á."

Ó mi orí. Ó ti abọ́ àkàrà sọ́dọ̀ mi, kí èmi náà mú.